Ẹjọ́ Tẹ́tẹ́ Òkè-Baálẹ̀ Lórí Ìdájọ́ Juventus

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Mẹkáníìkì kan tó jẹ́ ọmọ Arsenal fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún sílẹ̀ pé kóòtù ilẹ̀ Ítálì dá Juventus lẹ́bi lórí oògùn amúnilókun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gẹ irun ní àdúgbò kan náà, ọmọ Juventus paraku, fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún tirẹ̀ lé e pé kóòtù dá wọn láre pátápátá. Ìyá tó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, ló di owó mú. Òun náà ló ní kí n kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ sílẹ̀, torí pé ìtàn àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti wá pọ̀ ju ti àwọn tí ojú wọn tó o lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà 2024 ni. Arsenal ṣẹ̀ṣẹ̀ na Southampton ní 3-1, àwọn ọmọ Arsenal ò sì tíì fẹ́ lọ sílé. Ẹnìkan tó ń wo fóònù ló kà á sókè pé CAS, ilé ẹjọ́ tó ń parí ìjà eré ìdárayá lágbàáyé, ti dín ìjìyà Paul Pogba, agbábọ́ọ̀lù Juventus, kù láti ọdún mẹ́rin sí oṣù méjìdínlógún. Wọ́n ti yẹ Pogba wò lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Udinese àti Juventus ní ọjọ́ 20, oṣù Ògún, 2023. Àyẹ̀wò ní testosterone, èròjà tó ń mú iṣan lágbára, tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ara fúnra rẹ̀ pèsè. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Ítálì ní kó má gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́rin. CAS wá ní kó padà ní oṣù Ẹrẹ́nà 2025.

Inú ọmọkùnrin agẹrun dùn, ó fò sókè. Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì ti dá a lóhùn: "Kí lo ń yọ̀ sí? Iṣẹ́ yín náà nìyẹn. Láti 1996 lẹ ti ń lo nǹkan. Ife Kanu lẹ jí gbé."

Ẹni tí kò bá tíì pé ogójì ọdún lè má mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń ta ọkùnrin náà lára. Ní ọjọ́ 22, oṣù Ẹ̀bìbí, 1996, Ajax ti ilẹ̀ Netherlands àti Juventus pàdé ní Róòmù nínú àṣekágbá Champions League. Ajax ló gba ife náà lọ́dún tó ṣáájú. Ọmọ Nàìjíríà méjì ló bẹ̀rẹ̀ eré fún Ajax lálẹ́ ọjọ́ yẹn: Nwankwo Kanu àti Finidi George. Ravanelli gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Juventus kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, Litmanen dá a padà kí wọ́n tó lọ sinmi, 1-1 ni wọ́n sì bá dé ìdí pẹnátì. Davids gbá tirẹ̀, kò wọlé. Silooy náà gbá tirẹ̀, kò wọlé. Jugović ló gbá èyí tó kẹ́yìn, Juventus sì gba ife náà ní 4-2. Ní oṣù Ògún ọdún kan náà ni Kanu ṣe balógun àwọn tó gba góòlù Olympic wá sílé láti Atlanta. Tó o bá jẹ́ ọmọ ilé ìwé lọ́dún yẹn, Kanu kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù lásán sí ọ. Nígbà tí ó wá dé Arsenal ní 1999, ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀lé e lọ síbẹ̀, wọn ò sì padà lẹ́yìn Arsenal mọ́. Mẹkáníìkì wa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ọmọkùnrin agẹrun kò tíì dáyé nígbà yẹn. Ó dáhùn jẹ́jẹ́, torí ó mọ̀ pé àgbà ni ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Wọ́n gbé ẹjọ́ yẹn lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá wa láre pátápátá. Ẹ lọ wò ó."

"Dá yín láre bó? Wọ́n dá yín lẹ́bi! Mo kà á nínú ìwé ìròyìn ní Ọláìyá pẹ̀lú ojú mi méjèèjì."

Ni ilé bá dàrú. Ẹnìkan ní ṣé kì í ṣe torí ẹ̀ ni wọ́n fi já wọn sí Serie B, ìpele kejì líìgì Ítálì. Òmíràn ní torí ẹ̀ ni wọ́n fi gba ife lọ́wọ́ wọn fún Inter. Ẹlòmíràn tún ní àbí Davids ni wọ́n mú. Gbogbo rẹ̀ ti lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀rọ̀ Serie B àti ife tó bọ́ sọ́wọ́ Inter, ọdún 2006 ni, ọ̀rọ̀ pípe àwọn tó ń yan rẹfirí lórí fóònù sì ni, kò kan oògùn rárá. Ti Davids, 2001 ni: nandrolone, oògùn amúnilókun kan, ni wọ́n bá lára rẹ̀ nígbà tó wà ní Juventus, òun nìkan ló sì jìyà rẹ̀. Ẹjọ́ kẹta, èyí tí àwọn méjèèjì ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí, ọ̀tọ̀ ni. Ibi tí wọ́n ti ń fa èyí bọ̀ ni àga méjì ti kán, a ò sì mọ ìdí ẹni tó kán an títí di òní.

Ìyá onílé ìwòran ló pa jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí iná lọ, ohùn rẹ̀ nìkan ló kù: kí ẹni tó bá dá ara rẹ̀ lójú gbé owó kalẹ̀, kí wọ́n sì wá ẹni tó mọ kóòtù láti parí ẹ̀.

Ẹni tó mọ kóòtù kò jìnnà. Bàbá kan wà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe akọ̀wé kóòtù kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń wá wo bọ́ọ̀lù nígbà tí Super Eagles bá ń gbá. Bàbá kì í ti ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn ní òkè òkun. Ó ní kí wọ́n fún òun di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kí òun bi àwọn ọmọ òun tó mọ̀ nípa íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ilé ìwòran kún ju ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ń bẹ lọ. (Ká ní ọ̀rọ̀ Prime FC ìlú wa níbí ni, mi ò rò pé a ó rí ẹni mẹ́wàá tó máa wá jókòó. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.) Bàbá jókòó síwájú, ó wọ awò ojú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó sì bèèrè kì í ṣe ti Ítálì. Ó ní kí àwọn méjèèjì tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ta tẹ́tẹ́ sọ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mẹkáníìkì ní, "Kóòtù dá Juventus lẹ́bi." Agẹrun ní, "Kóòtù dá wọn láre pátápátá." Bàbá ní kí èmi kọ méjèèjì sílẹ̀. N ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ mo kọ ọ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó tú àṣírí. Zdeněk Zeman ni, ọmọ Czech tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Roma ní 1998. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ló sọ fún ìwé ìròyìn kan pé ó yẹ kí bọ́ọ̀lù jáde kúrò nínú ilé ìpoògùn, ó sì fi bí iṣan ara Vialli àti Del Piero ṣe ṣàdédé tóbi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Àmọ́ agbẹjọ́rò ìjọba kan ní Turin, Raffaele Guariniello, mú un lọ́ràn-anyàn. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà Juventus, oríṣi oògùn 281 ni wọ́n bá níbẹ̀.

"Igba ó lé mọ́kànlélọ́gọ́rin!" Ariwo sọ. Mẹkáníìkì na ọwọ́ sókè bí ẹni pé wọ́n ti san owó fún un. Bàbá ní kó sọ ọwọ́ kalẹ̀, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oògùn yẹn kò sí nínú ìwé àwọn oògùn tí eré ìdárayá kà léèwọ̀. Ibi tí ẹjọ́ ti le gan-an nìyẹn. Neoton wà níbẹ̀, tó jẹ́ oògùn àwọn tí ọkàn ń yọ lẹ́nu. Samyr wà níbẹ̀, tó jẹ́ ti àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá dé bá. Ẹ̀sùn tí ìjọba fi kan wọn ni pé wọ́n ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ara wọn le koko ní oògùn aláìsàn kí wọ́n lè sáré ju ẹgbẹ́ kejì lọ, èyí sì jẹ́ jìbìtì nínú eré ìdárayá lábẹ́ òfin 401 ti ọdún 1989. Òfin tó sọ lílo oògùn amúnilókun fúnra rẹ̀ di ọ̀ràn ní Ítálì, ọdún 2000 ló dé, ó ti pẹ́ jù fún ohun tí wọ́n ṣe láàárín 1994 àti 1998. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Juventus gba líìgì Ítálì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gba ife Róòmù yẹn.

Zidane jẹ́rìí ní kóòtù. Ó gbà pé òun lo creatine, ohun tó ń fún iṣan lókun, tí kò sì sí ẹni tó kà á léèwọ̀. Del Piero náà jẹ́rìí. Kò sí agbábọ́ọ̀lù kankan nínú gbogbo ẹjọ́ náà tí àyẹ̀wò mú.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni ti EPO, Bàbá fúnra rẹ̀ kò sì mọ bí yóò ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó wá gbé ọkọ rẹ̀ ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ohun tí kíndìnrín ń pèsè ni, òun ló ń sọ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa sí i. Ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń gbé atẹ́gùn kiri ara, tó bá pọ̀, àárẹ̀ kì í tètè mú ènìyàn. "PCV, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa tí a máa ń yẹ̀ wò fún aláboyún, òun náà ni wọ́n wò lára àwọn agbábọ́ọ̀lù. Tẹ́ ẹ bá rí i pé PCV ẹnìkan fò sókè lójijì, tó tún wálẹ̀, láìsí àìsàn, ẹ máa bèèrè ìdí." Ohun tí onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ tí kóòtù pè, Giuseppe d'Onofrio, ṣe gan-an nìyẹn: ó wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù láti ọdún dé ọdún, ó sì ní ó ṣeé ṣe gidigidi pé wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní EPO. Ìwé ló wò, kò rí oògùn fúnra rẹ̀. Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè rí i: àyẹ̀wò ìtọ̀ tó ń mú EPO kò tíì sí ní 1996, Olympic Sydney ní 2000 ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó.

Kí nọ́ọ̀sì tó jókòó, ó wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò, ó ní tramadol tí wọ́n ń gbé mì kí wọ́n tó wọ pápá, WADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn amúnilókun lágbàáyé, ti kà á léèwọ̀ lọ́jọ́ ìdíje láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Àwọn kan ń wo ẹsẹ̀ wọn.

Bàbá wá kan ìdájọ́, ó sì kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ 26, oṣù Bélú, 2004, ní Turin. Adájọ́ Giuseppe Casalbore ní dókítà Juventus, Riccardo Agricola, jẹ̀bi. Ó rán an ní ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlélógún tí kò ní lọ ṣe, gẹ́gẹ́ bí òfin wọn ti fàyè gbà á. Ó dá Antonio Giraudo, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà, sílẹ̀.

Bí ó ṣe ń pe "jẹ̀bi" ni àwọn ọmọ Arsenal ti dìde. Wọ́n lu tábìlì, wọ́n ń kọrin orúkọ Kanu, ẹnìkan ń sọ pé kí UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, kó ife wá sí Òṣogbo. Mẹkáníìkì na ọwọ́ sí ìyá onílé ìwòran pé kó kó owó òun wá. Ìwé ìròyìn tó kà ní Ọláìyá kò parọ́ fún un. Ìdájọ́ ọjọ́ yẹn ló kà, kò sì tún ka òmíràn mọ́ láti ọdún yẹn wá.

"Ẹ jókòó," ni Bàbá wí. "Ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀pẹ, 2005. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Turin yí ìdájọ́ àkọ́kọ́ dànù. Wọ́n ní ti EPO, kò sí ẹ̀rí pé ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ti àwọn oògùn yòókù, òfin kò pè é ní ọ̀ràn. Wọ́n dá dókítà sílẹ̀."

Ìgbà yìí ni ti agẹrun. Ó bọ́ jésì dúdú òun funfun rẹ̀, ó ń fì í lókè orí. Àwọn ọmọ Chelsea tí kò kàn rárá bá a pariwo, torí pé ẹkún Arsenal ni ayọ̀ tiwọn.

Níbi tí Bàbá ti bínú nìyẹn, inú mi sì dùn pé ó bínú. Ó yọ awò ojú. Ó ní: "Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun! Ẹ̀yin lẹ ń jó sí ìdájọ́ tí kò tíì dé òpin? Ṣé kì í ṣe ojú yín ni ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ìdìbò gómìnà ti dá Adélékè láre ní oṣù Ẹrẹ́nà 2019, tí kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní oṣù Ẹ̀bìbí, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fìdí Oyètọ́lá múlẹ̀ ní oṣù Agẹmọ? Ní 2023 ńkọ́? Ìgbìmọ̀ ní Oyètọ́lá ni, kòtẹ́milọ́rùn ní Adélékè ni, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi òǹtẹ̀ lu ti Adélékè. Mélòó nínú yín ló ti jó ní Ọláìyá láàárọ̀ tó wá sunkún lẹ́yìn oṣù méjì?" Ẹ̀rín sọ, torí pé àwọn tó ṣe é wà níbẹ̀, a sì mọ̀ wọ́n.

Ó wá ka ìkẹta. Ọjọ́ 29, oṣù Ẹrẹ́nà, 2007, ní Róòmù, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ti EPO, ìdáláre dúró. Ti àwọn oògùn yòókù, wọ́n wọ́gi lé ìdáláre tí kòtẹ́milọ́rùn ṣe, wọ́n ní irú ìlò oògùn bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ jìbìtì nínú eré ìdárayá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbèdéke ọdún tí òfin fi sílẹ̀ fún irú ẹ̀sùn yẹn ti tán, kò sí ìgbẹ́jọ́ mìíràn mọ́. Ẹjọ́ parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Kò sí ẹgbẹ́ tó mọ̀ bóyá òun ló yẹ kó fò. Agẹrun ti jésì rẹ̀ bọ orí padà, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wá borí?"

Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ife ńkọ́? Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn nìyẹn, kóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì fọwọ́ kàn án. Kóòtù ìjọba kì í gba ife. Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣàkóso eré ìdárayá ni. Àjọ Olympic ilẹ̀ Ítálì, CONI, ti bi CAS léèrè lẹ́yìn ìdájọ́ 2004, CAS sì fèsì ní oṣù Igbe 2005 pé oògùn tí ìwé òfin eré ìdárayá kò kà léèwọ̀, a kò lè fi ìyà eré ìdárayá jẹ ẹni tó lò ó. Ife náà wà lọ́dọ̀ Juventus títí di òní.

Èrò tèmi rèé, ẹ gbà mí láyè. Mo gbà pẹ̀lú mẹkáníìkì pé ìwà yẹn kò dára. Ẹni tí ara rẹ̀ le tí ẹ ń fún ní oògùn ọkàn, ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá. Àmọ́ àárín "ìwà yìí kò dára" àti "ẹ dá ife padà" jìn gan-an, kò sì sí ẹni tó rí afárá síbẹ̀, nítorí kò sí àyẹ̀wò tó mú ẹnikẹ́ni. Agẹrun náà kò sọ òtítọ́ tó pé. Ẹni tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ wọ́gi lé ìdáláre rẹ̀, tí àkókò nìkan gbà sílẹ̀, kò yẹ kó máa sọ "pátápátá". Àwọn méjèèjì ka ìdájọ́ dé ibi tó dùn mọ́ wọn, wọ́n pa ìwé dé.

Ìdájọ́ tẹ́tẹ́ nìyí. Bàbá ní kí n ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀. Mo kà á. Ó bi mẹkáníìkì: "Àwọn wo ni olùjẹ́jọ́?"

"Dókítà… àti Giraudo."

"Juventus ńkọ́? Ṣé wọ́n pe ẹgbẹ́ lẹ́jọ́?"

"Ṣùgbọ́n dókítà wọn ni, Bàbá!"

"Mo gbọ́. Mo ní ṣé wọ́n pè é lẹ́jọ́?"

Wọn kò pè é. Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ṣubú síbẹ̀. Bàbá yíjú sí agẹrun, ó ní tirẹ̀ náà ṣubú lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "pátápátá". Ó ní kí oníkálukú gba owó rẹ̀.

Ìyá onílé ìwòran ní kò tíì tó àkókò. Ó ka owó náà lójú gbogbo ènìyàn, ó yọ owó àga kan nínú ti ẹni kìíní, ó yọ owó àga kan nínú ti ẹni kejì, ó fún wọn ní ṣẹ́ńjì. Mẹkáníìkì ní òun kọ́ ló kán àga. Ìyá ní kó lọ pe òun lẹ́jọ́, kóòtù mẹ́ta ló wà.

Kí a tó tú ká, mẹkáníìkì tún ti fa owó jáde. Ó ní òun mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ báyìí: ẹgbẹ̀rún márùn-ún pé nígbà tí ẹjọ́ parí, dókítà náà kò ní ìdáláre lọ́wọ́ lórí àwọn oògùn wọ̀nyẹn. Agẹrun rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ owó yín sápò, mo ti gbọ́ ìkẹta." Lọ́jọ́ kejì, ìyá onílé ìwòran lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà pé ẹni tó bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ kó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, àti pé owó àga ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.